Bí A Ṣe Ń Jẹun ní Búkà Alámàlà l'Ékòó

Àmàlà tí wọ́n rò ní aago méjìlá ọ̀sán yàtọ̀ pátápátá sí èyí tó kù nínú kúlà ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyá kan náà ló rò ó, láti inú èlùbọ́ kan náà. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ jẹun gbádùn ní búkà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mọ àkókò, kó mọ ohun tó yẹ kó fojú wò kó tó la ẹnu béèrè, kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè. Owó kọ́ ló ń fún èèyàn ní àwo tó dáa jù ní búkà. Ẹni tó lajú ló ń rí i jẹ.

Àkókò tó yẹ kí ẹ dé

Lọ́pọ̀ búkà ní Yaba, Súrùlérè, Múṣin àti Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ìkòkò àmàlà àkọ́kọ́ ti máa ń jinná kí aago mọ́kànlá ààbọ̀ tó lù. Èrò á wá wọlé láti aago méjìlá sí aago méjì. Àkókò yìí ni gbogbo nǹkan máa ń pé: ògúnfe ṣì wà, ṣàkì ò tíì tán, gbẹ̀gìrì ṣì ń gbóná. Ẹ má jẹ́ kí ìlà gígùn lé yín padà. Níbi tí èrò bá pọ̀ sí, ìkòkò kì í pẹ́ tán, wọ́n á sì tún ro òmíràn, àmàlà tó bá dé iwájú yín á jẹ́ èyí tí kò tíì lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ nínú kúlà. Búkà tó dá wáí ní aago kan ọ̀sán, tí kúlà rẹ̀ sì kún dẹ́nu, ni kí ẹ bẹ̀rù.

Ẹni tí kò bá fẹ́ tò, kó dé ní aago mọ́kànlá ààbọ̀. Ní ọjọ́ Jímọ̀, ẹ fi sọ́kàn pé èrò ẹlẹ́ẹ̀kejì máa ń ya wọlé lẹ́yìn ìrun, ní nǹkan bí aago méjì kọjá, wọ́n sì lè kó ẹran tán láàárín wákàtí kan. Lọ́jọ́ Sunday, ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣí títí ìsìn á fi parí, àwọn mìíràn kì í tiẹ̀ ṣí rárá. Nínú ààwẹ̀ Ramadan, pàápàá ní Ìsàlẹ̀ Èkó, ẹ lè rí búkà tó jẹ́ pé ìrọ̀lẹ́ ló ń gbé ìkòkò kaná. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù tẹ́ ẹ bá ní nọ́ńbà wọn.

Tó bá ti kọjá aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹ béèrè kí ẹ tó jókòó: "Màámi, gbẹ̀gìrì yìí, ti àárọ̀ ni àbí tuntun?" Ìbéèrè yẹn ò ní ìwọ̀sí nínú. Ìyá tó ń ta ọjà rere máa ń dáhùn láìbínú, àwọn mìíràn tiẹ̀ máa ń sọ fún yín fúnra wọn pé ẹ fi ewédú nìkan jẹ ẹ́.

Ibo ni kí ẹ lọ

Àwọn kan wà tí orúkọ wọn ti di ìlú mọ̀ọ́ká: Amala Shitta àti Olaiya ní Súrùlérè, White House ní Yaba. Ní Erékùṣù, ibi tí wọ́n ń pè ní Ghana High ní Onikan ni àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì máa ń yà sí lọ́sàn-án, ìrẹsì ni wọ́n sì mọ̀ ọ́n sí jù. Ibi tó dáa láti fi bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n fún ẹni tí kò tíì jẹ búkà rí, nítorí pé wọ́n ń tà tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ kì í fi í pẹ́ nílẹ̀. Àmọ́ àdúgbò kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Ẹ bi àwọn awakọ̀ dánfó àti àwọn mẹkáníìkì. Iṣẹ́ ọwọ́ ni wọ́n ń ṣe, ebi máa ń pa wọ́n gan-an, wọn kì í sì í fi owó wọn ra oúnjẹ tí kò yó èèyàn.

Tẹ́ ẹ bá dé ẹnu ọ̀nà, ẹ dúró díẹ̀ kí ẹ wo nǹkan wọ̀nyí. Ẹ wo ibi tí wọ́n ti ń fọ àwo. Ó yẹ kí ọpọ́n tó mẹ́ta: ọ̀kan fún ọṣẹ, méjì fún ṣíṣàn. Tí omi ọpọ́n tó gbẹ̀yìn bá ti dúdú tí ọ̀rá sì ń léfòó lórí rẹ̀, àwo tí wọ́n máa fi bù fún yín kò mọ́. Ẹ wo ẹni tó ń bu oúnjẹ: ṣé òun náà ló ń gba owó? Owó náírà ti gba ọwọ́ àìmọye èèyàn kọjá. Búkà tó mọ iṣẹ́ máa ń ya ẹni tó ń gbowó sọ́tọ̀. Ẹ wo ìkòkò ọbẹ̀, bóyá ó ní ìdérí, àti bóyá ó wà lórí iná tàbí ó kàn wà nílẹ̀ lásán. Ọbẹ̀ tó bá ń rú èéfín nígbà tí wọ́n ṣí i ni kí ẹ jẹ. Èyí tó lọ́ wọ́ọ́rọ́, tí eṣinṣin ń yí ká, ni inú rírun máa ń tìdí ẹ̀ wá.

Àmàlà fúnra rẹ̀

Èlùbọ́ iṣu ni wọ́n fi ń ro àmàlà dúdú. Wọ́n á bẹ iṣu, wọ́n á bọ̀ ọ́ díẹ̀ láìjẹ́ kó jinná tán, wọ́n á fi sínú omi rẹ̀ di ọjọ́ kejì, wọ́n á sá a títí á fi gbẹ tó ń dún, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Láfún ni ti ẹ̀gẹ́, òun sì funfun. Nígbà tí iṣu bá wọ́n, àwọn kan máa ń da èlùbọ́ ẹ̀gẹ́ mọ́ ti iṣu. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé àwọ̀ àmàlà náà á ṣì, á sì máa fà bí wọ́n bá ń bù ú, á máa lẹ̀ mọ́ṣíbí. Kò ní pa èèyàn, àmọ́ tó bá jẹ́ owó àmàlà iṣu ni wọ́n gbà lọ́wọ́ yín, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè.

Ẹ ò lè fọwọ́ kan àmàlà kí ẹ tó rà á, ṣùgbọ́n ẹ lè wo bó ṣe ń jáde láti inú kúlà. Tí ojú rẹ̀ bá ń dán, tí ó sì yọ kúrò lára ṣíbí lẹ́ẹ̀kan náà láìsí wàhálà, ó dáa. Tí ẹ bá rí kókó funfun wínníwínní nínú rẹ̀, omi ò hó dáadáa kí wọ́n tó da èlùbọ́ sí i, tàbí wọ́n dà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìro. Kókó yẹn, èlùbọ́ tútù ló wà nínú rẹ̀, ẹnu á mọ̀ ọ́n. Tí àmàlà náà bá dán lójú àmọ́ tó ń ní òórùn èlùbọ́ gbígbẹ, wọn ò fún un ní omi gbígbóná díẹ̀ kí wọ́n sì dé e fún ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún kó jinná kí wọ́n tó fi orógùn rò ó lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ohun tí ọbẹ̀ lè ṣe sí ìyẹn.

Nǹkan kan wà tí ọ̀pọ̀ oníbàárà kì í kíyè sí. Ẹni tó ń bù ú máa ń ti ṣíbí bọ omi kí àmàlà má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, á sì fi ṣíbí yẹn ṣe é roboto. Tí omi yẹn bá pọ̀ jù, á ṣàn sí ìsàlẹ̀ àwo, á pàdé ewédú, ọbẹ̀ yín á sì ṣàn bí omi lásán kí ẹ tó bu òkèlè kẹta. Ẹ kàn sọ pé, "Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọn omi ẹ̀ nù." Ìṣẹ́jú àáyá méjì ni, àwo náà á sì yàtọ̀.

Àgbàlagbà tí ebi ń pa déédéé, àmàlà méjì tó fún un. Ẹni tó fẹ́ padà sẹ́nu iṣẹ́ láìsùn, kó jẹ ẹyọ kan, kó fi owó èkejì ra ẹran. Tí wọ́n bá ń tà á lówó-lówó dípò ẹyọ-ẹyọ, ẹ sọ iye tẹ́ ẹ fẹ́, kí ẹ sì wo bí wọ́n ṣe bù ú fún ẹni tó wà níwájú yín. Ìyẹn ni ìwọ̀n yín.

Ewédú, gbẹ̀gìrì àti ọbẹ̀ ata

Àwọn mẹ́ta yìí ni wọ́n ń dà pọ̀ tó ń di àbùlà, ọmọ Ọ̀yọ́ àti Ìbàdàn ló sì gbé e wọ Èkó. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni àkókò ń bà jẹ́ lọ́nà tirẹ̀.

Ewédú máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ní àwọ̀. Ewé nìkan ni wọ́n ń já, wọ́n á sè é pẹ̀lú kaún bíńtín láìdérí, wọ́n á fi ìjábẹ̀ já a, wọ́n á fi irú sí i. Tí wọ́n bá dé e nígbà tó ń hó tàbí tí wọ́n fi sórí iná pẹ́, àwọ̀ rẹ̀ á di bí ewé gbígbẹ, kò sì ní fà mọ́. Bí wọ́n bá gbé ṣíbí sókè, ó yẹ kí ẹ rí okùn rẹ̀ tó ń fà wálẹ̀. Tí omi bá ti yà sọ́tọ̀ lójú rẹ̀ tí ewé sì ti rì, láti àárọ̀ ló ti wà níbẹ̀. Ewédú tó korò lẹ́nu, kaún ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ má sì gbìyànjú láti fi iyọ̀ tún un ṣe.

Gbẹ̀gìrì ni mo máa ní kí ẹ ṣọ́ jù. Ẹ̀wà bíbó ni, wọ́n ti sè é títí ó fi rọ̀, wọ́n ti jọ̀ ọ́ lásẹ́ tàbí kí wọ́n fi ìjábẹ̀ já a, kí wọ́n tó fi epo, ata àti irú sí i. Ẹ̀wà tètè ń kan nínú ooru Èkó. Tí ẹ bá rí fófòò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò nígbà tí kò sí lórí iná, tàbí tí òórùn kíkan bá jáde nígbà tí wọ́n ṣí i, ẹ fi sílẹ̀. Iná tí wọ́n bá tún gbé e kà kò ní mú kíkan náà kúrò. Ohun kejì ni pé gbẹ̀gìrì máa ń sílẹ̀: ẹ̀wà á lọ sísàlẹ̀, omi á wà lókè. Tí ẹni tó ń bù ú kò bá rò ó láti ìsàlẹ̀, ẹni àkọ́kọ́ á jẹ omi aláwọ̀ ọsàn, ẹni ìkẹyìn á jẹ ẹrẹ̀. "Ẹ bá mi rò ó láti ìsàlẹ̀" ni kí ẹ sọ. Mo rò pé gbólóhùn yìí ló wúlò jù nínú gbogbo ohun tí ẹ lè sọ ní búkà.

Ọbẹ̀ ata tó jinná, epo rẹ̀ máa ń là sókè, tàtàṣé àti rodo inú rẹ̀ ò sì ní kan lẹ́nu. Èyí tí kò jinná máa ń ṣomi, ó sì máa ń kan díẹ̀, nítorí omi tó wà nínú ata tí wọ́n lọ̀ ò tíì gbẹ kí wọ́n tó fi epo dín in. Irú ọbẹ̀ bẹ́ẹ̀ ló ń dá inú rírun sílẹ̀ fún ẹni tí ata kò bá lára mu.

Ní ti ìwọ̀n, àwọn kan fẹ́ràn kí gbẹ̀gìrì pọ̀ ju ewédú lọ. Èyí tó dáa jù lójú mi ni ṣíbí ewédú kan, ṣíbí gbẹ̀gìrì kan, ààbọ̀ ṣíbí ọbẹ̀ ata, kí wọ́n da ata sáàárín kí ẹ lè fúnra yín pò ó bí ẹ bá ṣe ń jẹ. Tí wọ́n bá da ata yí gbogbo ẹ̀ ká láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ ò ní mọ adùn gbẹ̀gìrì mọ́.

Ẹran

Ibi tí owó ń lọ nìyí, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti ń tan ẹni tí kò mọ̀. Iye ẹran máa ń yàtọ̀ láti ẹyọ dé ẹyọ, nítorí náà ẹ má sọ pé "ẹran méjì" kí ẹ sì máa wojú. Ẹ béèrè iye rẹ̀ kí wọ́n tó gbé e sórí àwo. Tó bá ti kan ọbẹ̀ yín, ó ti di tiyín.

Ògúnfe lọ̀pọ̀ ń wá. Ẹ yan èyí tó ní awọ àti ọ̀rá díẹ̀, egungun sì dáa, nítorí ìtọ́wò wà nínú rẹ̀. Èyí tó jẹ́ ẹran lásán máa ń gbẹ lẹ́nu tó bá ti pẹ́ nínú ọbẹ̀. Tí òórùn òbúkọ bá ń jáde láti inú ìkòkò, wọn ò fi àlùbọ́sà àti èròjà bọ̀ ọ́ dáadáa kí wọ́n tó dà á sọ́bẹ̀.

Ṣàkì gbọ́dọ̀ mọ́. Wọ́n máa ń fi omi gbígbóná bọ̀ ọ́, wọ́n á fi ọ̀bẹ ha ohun dúdú ojú rẹ̀ kúrò. Tí ẹ bá ṣì rí dúdú tó nípọn nínú àwọn ihò rẹ̀, ẹ yan nǹkan mìíràn. Ìfun tí wọ́n ń pè ní roundabout náà, ẹ wo inú rẹ̀ kí ẹ tó gbà á. Fùkù ló fúyẹ́ jù lówó, ó sì máa ń fa ọbẹ̀ mu, ẹni tí owó ò tó lọ́wọ́ ẹ̀ lè fi bọ́ ara rẹ̀ láìkábàámọ̀. Ẹ̀dọ̀ tètè ń le. Ẹ jẹ ẹ́ nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dín in, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fi í sílẹ̀.

Pọ̀nmọ́ pín sọ́nà méjì. Èyí tó funfun rọ̀, kò nípọn. Pọ̀nmọ́ Ìjẹ̀bú nípọn, àwọ̀ rẹ̀ dúdú díẹ̀, ó sì máa ń gba àkókò kó tó rọ̀, àmọ́ tó bá rọ̀, kò sí ẹran tó gbé ọbẹ̀ sára tó o. Ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú ṣíbí tí wọ́n bá gbà yín láyè. Tó bá ń ta padà, kò tíì jinná. Ẹ tún gbóòórùn rẹ̀: táyà ni àwọn kan fi ń sun awọ, òórùn rẹ̀ kì í sì í kúrò tán. Ẹ má jẹ èyí tó bá ń rùn bẹ́ẹ̀.

Bọ̀kọ̀tọ̀ wà fún ọjọ́ tí ẹ bá ní àkókò. Ẹ ò lè fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ ẹ́ kí ẹ sáré padà sí ọ́fíìsì. Ẹja Titus wà fún ẹni tí kò jẹ ẹran, pánla náà wà, àmọ́ pánla máa ń fọ́ sínú ọbẹ̀ tó bá ti di ìrọ̀lẹ́.

Àkópọ̀ tó máa ń tẹ́ ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́rùn láìná ìnákúnàá ni ògúnfe kan, ṣàkì kan, pọ̀nmọ́ méjì.

Bí ẹ ṣe máa béèrè

Ẹ kí wọn kí ẹ tó béèrè. Ìyá tó ti dúró níwájú iná láti ìdájí máa ń mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó kí i àti ẹni tó kàn nawọ́. Ẹ pe àgbà ní "màámi" tàbí "ìyá", ẹ pe ọ̀dọ́bìnrin ní "àǹtí". Wọ́n á pe ẹ̀yin náà ní "ọ̀gá mi", "ẹ̀gbọ́n" tàbí "Alhaji", láìka ohunkóhun tí ẹ jẹ́ sí. Báyìí ló ṣe máa ń lọ:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, màámi."

"Òo, ẹ káàbọ̀ o, ọ̀gá mi. Kí la ó bù?"

"Àmàlà méjì. Ẹ da ewédú àti gbẹ̀gìrì pọ̀, ẹ bá mi rò ó láti ìsàlẹ̀, kí ata wà láàárín. Eélòó ni ògúnfe yẹn? Rárá o, èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀, tó léegun."

Ẹ to ìbéèrè yín báyìí: òkèlè, ọbẹ̀, ẹran. Ọwọ́ wọn ti mọ́ ètò yìí lára. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹran máa ń dá ìlà dúró, ẹni tó wà lẹ́yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé. Tí ẹ bá fẹ́ ọbẹ̀ sínú abọ́ ọ̀tọ̀, ẹ sọ ọ́ kí wọ́n tó bù ú, torí wọn ò ní lè yọ ọ́ kúrò lórí àmàlà mọ́. Àmàlà tó rọ̀ jù ni mo máa ń sọ pé kí wọ́n ya ọbẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀, torí á yọ́ sínú ẹ̀. Èyí tó gan díẹ̀ dáa kí wọ́n da ọbẹ̀ yí i ká.

Ẹ lè tọrọ èènì, àmọ́ ọbẹ̀ ni èènì búkà, kì í ṣe ẹran. "Ẹ lé ọbẹ̀ sí i fún mi" tó. Tí ẹ bá di oníbàárà, ẹ lè rí pọ̀nmọ́ kékeré gbà lójijì, ẹ má kàn sọ ọ́ di ẹ̀tọ́.

Ní ti owó: àwọn kan ń gbowó kí wọ́n tó bù ú, àwọn kan ń gbà á lẹ́yìn oúnjẹ. Ẹ béèrè, ẹ sì ní kí wọ́n ròó pọ̀ fún yín níwájú yín, kí ẹ mọ iye kí ẹ tó jókòó. Tí ẹ bá fẹ́ ṣe tránsífà, ẹ ṣe é nígbà tí ẹ wà lórí ìlà tàbí kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹun. Àláátì máa ń pẹ́ wọlé ní aago kan ọ̀sán tí gbogbo èèyàn ń fi owó ránṣẹ́, wọn ò sì ní jẹ́ kí ẹ lọ títí tí wọ́n á fi rí i lórí fóònù wọn. Ẹ ní owó kéékèèké lọ́wọ́ bí nẹ́tíwọ̀kì bá kọ̀, ẹ má sì fi owó ńlá san owó kékeré ní òwúrọ̀ tí wọn ò tíì ní ṣéńjì.

Lórí tábìlì

Ẹ fọ ọwọ́ méjèèjì. Tó bá jẹ́ abọ́ ni wọ́n gbé wá, ẹ ní kí wọ́n bá yín da omi mìíràn sí i tí ẹlòmíràn bá ti lò ó. Ọwọ́ ọ̀tún ni ẹ fi ń jẹun. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti etí àmàlà, kì í ṣe àárín rẹ̀, nítorí àárín ló ń gbóná pẹ́ jù, ó sì lè jó ọ̀nà ọ̀fun. Òkèlè kò gbọ́dọ̀ tóbi ju orí àtàǹpàkò lọ. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ láàárín kó jin díẹ̀, kẹ́ ẹ fi kó ọbẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e mì láìjẹ. Ẹni tó bá ń jẹ àmàlà lẹ́nu ò ní gbádùn rẹ̀.

Ìjókòó búkà jẹ́ ti gbogbo èèyàn. Ẹ kí ẹni tó wà lórí bẹ́ǹṣì kí ẹ tó jókòó. Tó bá sọ pé "Ẹ wá jẹun", ẹ dáhùn pé "Á gba ibi ire o", kí ẹ má sì nawọ́. Ní wákàtí èrò, ẹ jẹun tán kí ẹ dìde. Àwọn tó gbé àwo dání lẹ́yìn yín ò ní lé yín, àmọ́ ọwọ́ á ti máa gbóná fún wọn.

Omi inú ọ̀rá, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC lára rẹ̀, ẹ sì tẹ̀ ẹ́ bóyá ó ń jò. Mínírà dáa, àmọ́ ṣúgà rẹ̀ máa ń bo adùn gbẹ̀gìrì, ẹ fi sí ìparí.

Àwọn oúnjẹ mìíràn

Ìrẹsì Ọ̀fadà ní ọjọ́ tirẹ̀, ọ̀pọ̀ búkà kì í sè é lójoojúmọ́. Inú ewé eéran ni wọ́n ti ń bù ú. Ẹ jẹ ẹ́ pẹ̀lẹ́ nítorí òkúta. Ọbẹ̀ ayamáṣe rẹ̀, epo tí wọ́n yọ́ títí pupa ẹ̀ fi lọ ni wọ́n fi ń sè é. Tí epo náà bá ti jóná kọjá ìwọ̀n, ọbẹ̀ á korò, àwọ̀ rẹ̀ á sì dúdú. Òwúrọ̀ ni ẹ̀wà àgànyìn pẹ̀lú búrẹ́dì Àgége dáa jù, kí aago mẹ́wàá tó lù. Ẹ̀bà àti fùfú bá ẹ̀gúsí àti ẹ̀fọ́ rírò mu, ẹ má fi wọ́n jẹ àbùlà. Ní Erékùṣù Èkó, ní Campos àti Lafiaji, àwọn ọmọ Àgùdà, ìyẹn àwọn tí baba ńlá wọn padà wá láti Brazil, máa ń se frejon, ẹ̀wà pẹ̀lú omi àgbọn, ní Good Friday. Inú ilé ni wọ́n ti ń sè é, ẹni tí wọ́n bá pè ló ń jẹ ẹ́, tí wọ́n bá sì pè yín, ẹ lọ.

Gbígbé e lọ sílé

Láti oṣù kìíní ọdún 2024 ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti fòfin de ike sítáírófóòmù funfun tí wọ́n ń fi di oúnjẹ. Abọ́ tiyín ló dáa jù: fúláàsì oúnjẹ kan fún àmàlà, abọ́ oníìdérí méjì fún ọbẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da ewédú àti gbẹ̀gìrì pọ̀ sínú ọ̀rá kan. Tí ẹ bá máa lò ju wákàtí méjì lọ lójú ọ̀nà, tí gósíló Third Mainland sì lè gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ yín, ẹ fi gbẹ̀gìrì sílẹ̀, ẹ gba ewédú àti ọbẹ̀ ata nìkan.

Nílé, ẹ fi àmàlà tó wà nínú ọ̀rá sórí omi tó ń hó, kí ooru rẹ̀ rọ̀ ọ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Tó bá jẹ́ máíkírówéèfù ni, ẹ tú u sínú abọ́, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, ẹ dé e, ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ tó. Ọbẹ̀ ata ni kí ẹ jẹ́ kó hó. Ewédú kàn nílò kó gbóná lórí iná kékeré, láìdérí, kí ẹ máa rò ó. Bó bá ti hó, kò ní fà mọ́.